Ẹ̀tọ́, èèwọ̀ àti ìwà nínú Ìsìláàmù: àwọn ìbéèrè tó ń padà wá

Lẹ́yìn wàásí, níbi àṣàlátù, nídìí ìsìnkú àti ìkómọ, ìbéèrè kan náà ló ń padà wá. A kó wọn jọ síbí. Ẹni tó ń wá ìdájọ́ lórí ọ̀rọ̀ ilé ara rẹ̀, kó lọ bá àáfà tó mọ ilé náà. Ohun tó wà níbí ni ibi tí àwọn onímímọ̀ ti fẹnu kò àti ibi tí wọ́n ti pínyà.

Kí ni Ìsìláàmù ń pè ní ìwà rere?

Bí ẹ bá ti kírun Jímọ̀ rí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ìdáhùn kí lèmọ́mù tó sọ̀ kalẹ̀ lórí mínbárì. Súrà Nahl, àyah 90: Ọlọ́hun ń pàṣẹ ṣíṣe déédéé, ṣíṣe dáadáa àti fífún ẹbí ní nǹkan, Ó sì ń kọ ìwà ìbàjẹ́, ohun burúkú àti ìrékọjá ààlà.

Hádíìsì kan tí Muslim, ọ̀kan nínú àwọn tó kó hádíìsì jọ, gbà wá mú un wálẹ̀ sí i. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bi àwọn sàhábé léèrè ẹni tó wọ gbèsè jù. Wọ́n ní ẹni tí kò lówó, tí kò sì ní dúkìá ni. Ó ní rárá o, ẹni tó kó ìrun, ààwẹ̀ àti sàká wá lọ́jọ́ ìdájọ́ ni, àmọ́ tó ti bú tibí, tó ti purọ́ mọ́ tọ̀hún, tó ti jẹ owó ẹlòmíì, tó ti lu ẹlòmíì. Wọn yóò máa há iṣẹ́ rere rẹ̀ fún wọn. Bó bá tán nílẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn ni wọn yóò kó lé e lórí. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìjọsìn ni ẹ̀sìn, pé ìwà kàn jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀, kò tíì pàdé hádíìsì yìí.

Ibo ni wọ́n ti ń mú òfin ìwà wá?

Kùránì ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn rẹ̀ sùnná Ànábì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìfẹnukò àwọn onímímọ̀, àti fífi ohun tuntun wé ohun tó ti ní ìdájọ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn Ṣíà kì í gba ìfiwéra yẹn, làákàyè ni wọ́n fi sípò rẹ̀. Imam Malik ka ìṣe àwọn ará Mẹ̀dínà sí ẹ̀rí, ó sì máa ń wo àǹfààní ará ìlú. Al-Ghazali (ó kú ní 1111) sọ pé ohun márùn-ún ni òfin ń ṣọ́: ẹ̀sìn, ẹ̀mí, làákàyè, ìran àti dúkìá.

Ìpele márùn-ún ni wọ́n pín ìṣe èèyàn sí: dandan, èyí tó dára ká ṣe, èyí tí kò ní ẹ̀san tàbí ẹ̀ṣẹ̀, makurúhu (èyí tó dára ká fi sílẹ̀), àti haráàmù. Ìdajì ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ nínú mọ́sálásí ni pé ẹnì kan mú makurúhu, ó sì sọ ọ́ di haráàmù.

Kùránì jẹ́ ọ̀kan. Kí ló dé tí àwọn onímímọ̀ fi ń yàtọ̀ síra wọn?

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọn kò jà lé lórí: ìpànìyàn, olè, irọ́ mímọ́ni, jíjẹ ogún ọmọ òrukàn, ẹ̀tọ́ òbí lórí ọmọ. Abu Hanifa (767), Malik (795), Shafi'i (820) àti Ahmad ibn Hanbal (855), ìyẹn ọdún tí kálukú wọn kú, ohùn kan náà ni wọ́n ń sọ lórí ìwọ̀nyí.

Níbi ẹ̀ka ni wọ́n ti pínyà. Hádíìsì dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan, kò dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Ẹnì kan gba olùsọ̀rọ̀ kan gbọ́, ẹlòmíì ò gbà á gbọ́. Ìlú yàtọ̀ sí ìlú. Wọ́n máa ń ròyìn pé ọba Bàgídádì fẹ́ fi ìwé Malik ṣe òfin fún gbogbo ìlú mùsùlùmí, tí Malik fúnra rẹ̀ sì kọ̀ jálẹ̀, ó ní ìmọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú kọ̀ọ̀kan lọ́nà tiwọn. Mazhab (ìlànà òfin) Malik yìí ló gbilẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, òun ló sì jẹ́ kí àwọn bàbá wa máa ju ọwọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá ń kírun. Ọmọ tó ti Mẹ̀dínà kàwé dé tó ń káwọ́ sáyà kò sọ bàbá rẹ̀ di aṣìnà.

Ṣé nǹkan dára nítorí pé Ọlọ́hun pa á láṣẹ ni, àbí Ọlọ́hun pa á láṣẹ nítorí pé ó dára?

Ìbéèrè yìí ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, Básíra àti Bàgídádì ló sì ti kọ́kọ́ gbóná. Àwọn Mutazila, ẹgbẹ́ onímímọ̀ kan tó fi làákàyè ṣíwájú, ní làákàyè ọmọ èèyàn mọ̀ pé irọ́ àti àbòsí burú kí òjíṣẹ́ kankan tó dé. Àṣẹ kàn wá fìdí ohun tí làákàyè ti rí múlẹ̀ ni. Wọ́n máa ń tọ́ka sí Súrà A'raf, àyah 28, tó ní Ọlọ́hun kì í pàṣẹ ìwà ìbàjẹ́. Bó bá jẹ́ pé àṣẹ nìkan ló ń sọ nǹkan di ìbàjẹ́, wọ́n ní, kí ni àyah náà wá ń sọ?

Abu al-Hasan al-Ash'ari, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọn, ló kẹ̀yìn sí wọn. Ìtàn tí àwọn ọmọ kéwú ń gbọ́ ni pé ó bi olùkọ́ rẹ̀, al-Jubba'i, léèrè ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá mẹ́ta: ọ̀kan kú sínú ìgbàgbọ́, ọ̀kan kú sínú àìgbàgbọ́, ọ̀kan kú ní kékeré. Bí ọmọdé náà bá wá ní, "Olúwa mi, kí ló dé tí O ò jẹ́ kí n dàgbà, kí èmi náà lè dé ipò ẹ̀gbọ́n mi?" Olùkọ́ ní Ọlọ́hun yóò dá a lóhùn pé Òun mọ̀ pé bó bá dàgbà yóò bàjẹ́, ikú kékeré ló ṣe é lóore. Al-Ash'ari ní, "Ẹni tó wà nínú iná náà á wá ké pé, kí ló dé tí O ò pa èmi náà ní kékeré?" Olùkọ́ ò rí èsì fọ̀. Èrò al-Ash'ari ni pé a ò lè gbé Ọlọ́hun ka orí òṣùwọ̀n tiwa: ohun tó dára ni ohun tí Ó pa láṣẹ, ohun tó burú ni ohun tí Ó kọ̀.

Al-Maturidi ti Samarkand (944) dúró sáàárín: làákàyè mọ púpọ̀ nínú rere àti búburú, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ibn Taymiyya (1328) náà gbà pé rere àti búburú wà lára ìṣe fúnra rẹ̀, àmọ́ pé ìyà kì í tẹ̀ lé e àfi lẹ́yìn tí ìránṣẹ́ bá dé. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀kọ́ al-Ash'ari ni àwọn àáfà àtijọ́ kà nílé kéwú. Àmọ́ ẹ gbọ́ wàásí wọn: "Kèfèrí gan-an mọ̀ pé olè burú!" Mutazila pọ́ńbélé nìyẹn, wọn ò kàn mọ̀ ni.

Èrò ọkàn mi dára. Ṣé mo lè fi owó yahoo kọ́ mọ́sálásí?

Òótọ́ ni pé hádíìsì "èrò ọkàn ni iṣẹ́ fi ń jẹ́ iṣẹ́" ló ṣíwájú nínú àkójọ Bukhari. Ṣùgbọ́n èrò kì í sọ haráàmù di ẹ̀tọ́. Hádíìsì mìíràn ní Ọlọ́hun mọ́, kì í sì í gba nǹkan àfi èyí tó mọ́.

Ẹni tó bá ronú pìwà dà, ẹni tó ni owó ni kó dá a padà fún. Bó bá ti kú, àwọn ajogún rẹ̀ ló ni ín. Bí a kò bá rí ẹni tó ni ín mọ́ rárá, al-Ghazali àti al-Nawawi ní kó ná an sórí ohun tó máa ṣe gbogbo èèyàn láǹfààní, bí afárá tàbí mọ́sálásí, tàbí kó fún tálákà. Kò gbọ́dọ̀ kà á sí sàárà tirẹ̀ o; ẹrù ló ń sọ̀ kalẹ̀ lórí. Nítorí náà, mọ́sálásí lè gba irú owó bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ohun tí kò sí nínú ìwé kankan ni kí lèmọ́mù pè é jáde síwájú ìjọ, kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn máa ké orúkọ rẹ̀, kó sì padà sídìí kọ̀ǹpútà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní ti yahoo ẹ̀wẹ̀, ẹni tó ni owó kì í sábà sọnù: orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ wà nínú fóònù níbẹ̀.

Ṣé irọ́ lè di ẹ̀tọ́ láé?

Umm Kulthum ọmọ Uqba gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé a yọ̀ǹda níbi mẹ́ta: ogun, pípẹ̀tù sáàárín àwọn tó ń jà, àti ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Al-Ghazali ní ohun èlò lásán ni ọ̀rọ̀ ẹnu: bí òótọ́ bá lè gbé wa dé ohun rere tí à ń wá, haráàmù ni irọ́, bó bá jẹ́ irọ́ nìkan ló lè gbà wá, bí ìgbà tí apànìyàn ń wá ẹni tó sá wọlé wa, irọ́ náà di dandan.

Àwọn onímímọ̀ kan, tí al-Tabari jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ohun tí a yọ̀ǹda ni ọ̀rọ̀ olójú méjì, èyí tó jẹ́ òótọ́ lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́, tí olùgbọ́ sì gbọ́ ọ ní òdì. Irọ́ tí ọkọ pa nípa ibi tó sùn mọ́jú kò sí nínú èyí tí hádíìsì ń sọ, bó ti wù kó tọ́ka sí i tó.

Orin àti ìlù ńkọ́?

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onímímọ̀ mazhab mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ ọ̀pọ̀ ohun èlò orin, wọ́n sì dúró lórí hádíìsì kan lọ́dọ̀ Bukhari nípa àwọn tí yóò máa sọ àgbèrè, sílíkì, ọtí àti ohun èlò orin di ẹ̀tọ́. Ibn Hazm ti Kọ́dọ́bà (1064) ní okùn hádíìsì náà (ìtòlẹ́sẹẹsẹ àwọn tó gbé e láti ẹnu dé ẹnu) já, kò sì rí ẹ̀rí mìíràn tó lágbára. Al-Ghazali wo ohun tí orin ń sọ àti ibi tó ń gbé ọkàn lọ. Gbogbo wọn mọ ìtàn ọmọbìnrin méjì tó ń kọrin nílé Aisha lọ́jọ́ ọdún: Abu Bakr fẹ́ lé wọn, Ànábì ní kó fi wọ́n sílẹ̀, ọjọ́ ọdún ni.

Láàárín wa, ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Orin wéré tí àwọn ọmọkùnrin fi ń jí àwọn èèyàn fún sààrì ni fújì ti ṣẹ̀, wákà sì ni àwọn obìnrin fi ń pàdé àlááji tó ti Mẹ́kà dé. Àáfà kan á ní àdádáálẹ̀ ni, èkejì á ní ohun tó ń pe èèyàn sí sààrì kò lè burú. Èmi rí i pé ẹ̀yìn al-Ghazali ni èkejì wà. Àmọ́ fújì tó ń yin ọtí àti ìdí obìnrin kò rí ẹni gbè é, kódà Ibn Hazm ò gbà á.

Sìgá kò sí nínú Kùránì. Ta ló sọ ọ́ di haráàmù?

Láti Amẹ́ríkà ni tábà ti wá. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1600, ó ti wọ ìlú mùsùlùmí. Ní Káírò, onímímọ̀ méjì nínú mazhab Malik kan náà doríkọ ara wọn: Ibrahim al-Laqani (1631) ní haráàmù ni, Ali al-Ajhuri (1656) ní ẹ̀tọ́ ni fún ẹni tí kò bá pa lára, tí kò sì dà lórí rú. Ahmad Baba ti Tìmbúkútù (1627) náà wà lára àwọn tó gbà á láyè.

Lónìí, ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ló ní haráàmù ni. Àyah àti hádíìsì ò yí padà. Ohun tó yí padà ni ohun tí dókítà mọ̀ nípa ẹ̀dọ̀fóró, nígbà tí ìpìlẹ̀ sì ti wà tẹ́lẹ̀ pé kò sí ìpalára, kò sí fífi ìpalára san ìpalára. Ó ṣẹlẹ̀ ní òdì sí kọfí: ní 1511, gómìnà Mẹ́kà kó onímímọ̀ àti oníṣègùn jọ, wọ́n sì fòfin de kọfí. Kò pẹ́ tí òfin náà fi tú.

Èlé báǹkì ńkọ́? Ṣé gbogbo rẹ̀ ni ribà?

Pé ribà jẹ́ haráàmù, kò sí àríyànjiyàn; Súrà Baqara, àyah 275, yanjú ìyẹn. Ibi tí ìjà wà ni bóyá èlé báǹkì òde òní ni ribà ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ jù ní òun gan-an ni. Muhammad Sayyid Tantawi, mùfútì Íjíbítì nígbà náà, sọ ní 1989 pé èrè ìwé owó ìfipamọ́ ìjọba tọ́, ariwo sì ta.

Ní Nàìjíríà, Jaiz Bank ṣílẹ̀kùn ní 2012 láìgba èlé. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi súkùkù (ìwé owó tí kò ní èlé) bílíọ̀nù 10 náírà kọ́ ilé ìwé ní 2013, ìjọba àpapọ̀ sì gba bílíọ̀nù 100 náírà lọ́nà yìí ní 2017 fún títì. Àwọn tó ń ṣàríwísí ní èlé ló pààrọ̀ aṣọ: báǹkì ra ọkọ̀ ní iye kan, ó tà á fún yín ní iye tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ń san án díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé báǹkì ra ọkọ̀ náà lóòótọ́, tó jẹ́ pé bó bá jóná kó tó dọ́wọ́ yín báǹkì ló jẹ gbèsè, òwò ni. Bó bá jẹ́ pé orí ìwé nìkan ni ọkọ̀ ti gba ọwọ́ báǹkì kọjá, àwọn alárìíwísí ló jàre. Àjọ kò ní wàhálà, iye tí a dá ni à ń kó. Kọpuréétì ibi iṣẹ́ ni kí ẹ béèrè dáadáa nípa rẹ̀ kí ẹ tó yá owó níbẹ̀.

Oyún ṣíṣẹ́, ìfètò sọ́mọ bíbí, àti ọmọ inú ìgò?

Lẹ́yìn 120 ọjọ́, tí hádíìsì ní a fẹ́ ẹ̀mí sí ọlẹ̀, wọ́n fẹnu kò pé oyún ṣíṣẹ́ jẹ́ haráàmù, àfi bí ẹ̀mí ìyá bá wà nínú ewu. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti Abu Hanifa gbà á láyè bí ìdí pàtàkì bá wà. Àwọn ti Malik ló le jù, ọ̀pọ̀ wọn kọ̀ ọ́ láti ìgbà tí oyún bá ti dúró. Kí wọ́n má fi ti Abu Hanifa tàn yín pé Ìsìláàmù kò rí i sí nǹkan kan.

Ìfètò sọ́mọ bíbí fúyẹ́ ju ìyẹn lọ: Jabir sọ pé àwọn sàhábé ń da àtọ̀ síta nígbà tí Kùránì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́. Ní ti ọmọ inú ìgò, al-Azhar, ilé ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù ńlá ní Káírò, gbà á láyè ní 1980 fún tọkọtaya tó wà nínú yìgì, láìsí ẹnì kẹta. Ní Ìráànì, Khamenei, aṣáájú Ṣíà ibẹ̀ nígbà náà, gba lílo ẹyin obìnrin mìíràn láyè ní 1999. Àwọn Súnnì kò tẹ̀ lé e.

Ṣé fífẹ́ ìyàwó mẹ́rin jẹ́ sùnná?

Ìyọ̀ǹda ni, pẹ̀lú májẹ̀mu déédéé (Súrà Nisa, àyah 3). Muhammad Abduh ti Íjíbítì (1905) ní ìpalára rẹ̀ ti ju àǹfààní rẹ̀ lọ láyé tirẹ̀; Tùníṣíà fòfin dè é ní 1956. Ọ̀pọ̀ onímímọ̀ kò bá wọn dé ibẹ̀. Ẹni tí kò lè sanwó ilé ìwé àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀ kò nílò ìwé ńlá kó tó mọ ibi tí òun wà.

Bí wọ́n bá yàtọ̀ síra wọn, ṣé mo lè mú èyí tó rọrùn jù?

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹni tí ìmọ̀ àti ìbẹ̀rù Ọlọ́hun rẹ̀ dá yín lójú bá sọ ọ́. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni ṣíṣa ìrọ̀rùn jọ káàkiri. Sulayman al-Taymi ní bí èèyàn bá mú ìrọ̀rùn gbogbo onímímọ̀, gbogbo aburú á pé sí i lára. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń kà sí hádíìsì, pé ìyapa ìjọ jẹ́ àánú, kò ní okùn tó dúró.

Ànábì ní kí Wabisa bi ọkàn rẹ̀ léèrè, bí àwọn èèyàn tilẹ̀ fún un ní ìdájọ́. Ẹni tó ti béèrè lọ́wọ́ àáfà mẹ́ta, tó ṣì ń wá ìkẹrin, ọkàn rẹ̀ ti dá a lóhùn.

Kí ló dé tí Kùránì ò fòfin de ẹrú?

Ìbéèrè tó le nìyí, a ò sì ní yí i po. Kùránì bá ẹrú nílẹ̀. Ó fi ìdásílẹ̀ rẹ̀ ṣe ìtánràn ìpànìyàn tí a ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àti ti ìbúra tí a yẹ̀, ó sì yọ ìpín fún un nínú sàká. Àwọn onímímọ̀ ní òmìnira ni ìpilẹ̀ ọmọ èèyàn, àmọ́ wọ́n fi ilẹ̀kùn ogun sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Ní 1615, àwọn ará Tuwat nínú aginjù Sàhárà kọ̀wé bi Ahmad Baba, ẹni tí àwọn ará Mòrókò ti mú lẹ́rú ogun rí, pé ta ni èèyàn lè rà. Ó ní àwọ̀ kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹrú, kò sì gba ìtàn tó ní ègún Ànábì Núhù ló sọ àwọn adúláwọ̀ di ẹrú. Àìgbàgbọ́ nìkan ni ìdí. Ó wá to orúkọ àwọn ẹ̀yà tó kà sí kèfèrí, Yorùbá sì wà nínú wọn. Ọ̀kan nínú ibi tí orúkọ wa ti kọ́kọ́ jáde nínú ìwé nìyẹn. Òfin tó dáàbò bo ará Kánò ló tú àwa sílẹ̀ fún ọjà. Nígbà tó yá, Ìsìláàmù gan-an ò gba ẹni tí ogun kó sílẹ̀: àwọn mùsùlùmí Yorùbá tí wọ́n tà sí Bàhíà wà nídìí ọ̀tẹ̀ Malê ní Salvador ní January 1835, nínú oṣù Ràmàdáànì.

Bey (ọba) Tùníṣíà fòfin de ẹrú ní 1846, Saudi Arabia ní 1962, Mọriténíà ní 1981. Àwọn onímímọ̀ òde òní fẹnu kò pé kò tọ́ mọ́, ìdí wọn ló yàtọ̀. Àwọn kan ní àdéhùn àwọn ìjọba ló dí ilẹ̀kùn. Àwọn mìíràn ní ìdáǹdè ni Kùránì ń rìn lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí ẹni tó bá ya àdéhùn ti ṣí ilẹ̀kùn nìyẹn. Ní 2014, ISIS sọ àwọn obìnrin Yazidi di ẹrú, Shekau, olórí Boko Haram, sì ní òun á ta àwọn ọmọbìnrin Ṣíbọ́ọ̀kì lọ́jà. Onímímọ̀ tó lé ní 120 kọ̀wé sí olórí ISIS lọ́dún náà pé haráàmù ni dídá àṣà níní ẹrú padà.

Àwọn bàbá ńlá wa tó kú kí Ìsìláàmù tó dé, tí ìwà wọn dára, ibo ni wọ́n wà?

Kò sí ẹni tó lè dárúkọ òkú kan kó ní iná ni tàbí ọgbà ìdẹ̀ra. Ibi tí ìjà Básíra ti kan ilé wa nìyí. Àwọn ti al-Ash'ari dúró lórí Súrà Isra, àyah 15: Ọlọ́hun kì í jẹni níyà títí Yóò fi gbé òjíṣẹ́ dìde. Ẹni tí iṣẹ́ náà ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ́. Àwọn Mutazila, àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti al-Maturidi, ní làákàyè ti tó láti mọ̀ pé Aṣẹ̀dá wà, ẹ̀bi sì wà fún ẹni tí kò lò ó. Ibn Taymiyya ní wọn yóò dán wọn wò lọ́jọ́ ìdájọ́.

Al-Ghazali pín àwọn tí kì í ṣe mùsùlùmí sí mẹ́ta: ẹni tí kò gbọ́ orúkọ Ànábì rí, ó ní àwíjàre, ẹni tó gbọ́, tó sì rí i bó ṣe rí gan-an, tó kọ̀, kò ní, ẹni tó jẹ́ pé irọ́ nìkan ni wọ́n fi ròyìn Ànábì fún un láti kékeré, ó dà bí ẹni àkọ́kọ́. Ìpín kẹta yẹn ni àwọn oníwàásí wa kì í mẹ́nu bà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ aládùúgbò tí wọ́n ń fi iná lérí sí lórí gbohùngbohùn, wàásí wọn nìkan ni ohun tí onítọ̀hún mọ̀ nípa Ìsìláàmù.